Ojú Ọjọ́ Dára, Ẹ Ṣọ́ Ìgbọ̀nwọ́ Ọmọ Yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ń yọ̀ ni ọmọdé ń ṣubú kán lápá jù. Tó bá kan ìgbọ̀nwọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Lọ́ńdọ̀n. Nínú oṣù Kejìlá, aago 4 ìrọ̀lẹ́ kì í tíì lù tí oòrùn fi ń wọ̀. Ọmọ tó ti iléèwé dé, inú ilé ló ń jókòó sí. Nínú oṣù Kẹfà, aago 9 alẹ́ á kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Orí irin tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ ní pápá ìṣeré àti orí trampoline, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n ta tí ọmọ ń fò sókè lórí rẹ̀, làwọn ọmọ ń wà ní gbogbo wákàtí yẹn. Ìgbà ooru ni ìgbọ̀nwọ́ tó kán ń pọ̀ nílé ìwòsàn níbẹ̀. Ooru fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ṣẹ́ egungun. Eré ni, àti gíga ibi tọ́mọ ti já bọ́.

Nílé lọ́hùn-ún, igi máńgòrò tí àwọn ọmọ ń gùn ni tiwa. Ìgbà tó bá ń pọ́n ni òjò àkọ́rọ̀ náà ń dé, tí èèpo igi ń yọ̀.

Ọmọ tó ń já bọ́ á na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Gbogbo ìwúwo ara á bọ́ sórí egungun apá, lókè ìgbọ̀nwọ́ gan-an, níbi tó ti tínrín. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7 ló ń ṣe jù, apá òsì ló sì sábà máa ń jẹ́. Iwájú ibẹ̀ gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sọ́wọ́ gbà kọjá. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wú lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má fà á, ẹ má nà án, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ fi páálí líle gbé apá náà ró bó ṣe wà, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ X-ray. Ẹ máa wo ìka rẹ̀. Tó bá tutù, tó bá funfun, tàbí tọ́mọ ò lè mì ín, ẹ sáré.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di igi mọ́ apá náà pinpin. Ìdì tó há jù ń sé ẹ̀jẹ̀. Apá tí ì bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè di gígé. Ẹ má sì fún un lóúnjẹ kí dókítà tó rí i, torí wọ́n lè ní láti kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà.