Ogun Bẹti-Hórónì Lórí Tábìlì: Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Nínú gbogbo ogun àtijọ́ tí mo ń fi ère kéékèèké ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni mo gbé wá lónìí: ogun Bẹti-Hórónì, ọdún 66 Sànmánì Kristi, nígbà tí àwọn Júù dìde sí ìjọba Róòmù. Ẹni tó bá ti ka ìwé Jóṣúà nínú Bíbélì ti mọ orúkọ ibẹ̀. Ọ̀nà òkè yẹn náà ni, èyí tó ti orí òkè Jùdíà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀dà kíkùn púpọ̀, mi ò sì ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ju dáìsì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 ti tó. Ère tó ga tó mìlímítà 28 tàbí 15, èyíkéyìí tó bá wà nílé.

Cestius Gallus ni gómìnà Róòmù ní Síríà nígbà náà. Nígbà tí àwọn Júù pa àwọn ọmọ ogun Róòmù tó ń ṣọ́ Jerúsálẹ́mù, ó gbéra láti Áńtíókù. Ó kó Lẹ́gíọ́nì Kejìlá lódindi (lẹ́gíọ́nì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Róòmù), ó mú 2,000 ọmọ ogun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn lẹ́gíọ́nì yòókù, ó kó ẹlẹ́ṣin, ó sì kó àwọn tafàtafà tí àwọn ọba abẹ́ Róòmù fún un. Ọba Àgírípà pàápàá bá a lọ. Ó dé Jerúsálẹ́mù, ó dáná sun àdúgbò kan níbẹ̀, ó gbógun ti ògiri tẹ́ḿpìlì. Àfi bó ṣe ṣàdédé yí padà! Josephus, Júù tó kọ ìtàn ogun náà, ní ká ní ó tẹnu mọ́ ọn díẹ̀ sí i ni, ìlú ì bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn ìdí tó fi yí padà. Ìrìn àbọ̀ yẹn ni eré wa.

Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí yìí, torí ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í nìyí.

Wọ́n á to Róòmù sí apá kan tábìlì, wọ́n á to àwọn Júù sí apá kejì, wọ́n á ní kí wọ́n pàdé láàárín. Ṣé ẹ rí i? Kí ilẹ̀ tó mọ́, Róòmù ti gbá wọn dànù. Ìhámọ́ra wọn nípọn, wọ́n mọ ìlà í tò, apata wọn ga. Ni wọ́n á bá pariwo pé òfin eré náà kò dára. Òfin kọ́! Ẹ ò tíì ṣe Bẹti-Hórónì ni. Ogun mìíràn lẹ ṣe.

RÓÒMÙ KÒ TÒ FÚN ÌJÀ NÍBẸ̀. WỌ́N WÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ NI. Mo tún un sọ: WỌ́N WÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ!

Ẹ rántí bí èrò ṣe máa ń tẹ̀lé Egúngún gba àárín ilé tóóró kọjá ní àwọn àdúgbò àtijọ́ n'Íbàdàn. Bí atọ́kùn bá dúró níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá kò mọ̀, wọ́n á ṣì máa tì bọ̀. Ẹni tó wà láàárín kò rí iwájú lọ, kò rí ẹ̀yìn padà sí. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an kò ráyè gòkè. Mo ti wà láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ rí ní kékeré, mo sì mọ̀ pé kò sí bí apá ènìyàn ṣe lè le tó, kò wúlò fún un níbẹ̀. Bí Lẹ́gíọ́nì Kejìlá ṣe wà nìyẹn, òkúta àti ọ̀kọ̀ sì ń já lù wọ́n látòkè.

Nítorí náà, ẹ gé fóòmù, ẹ tò ó ní ìpele mẹ́ta, kó jẹ́ òkè ní apá kan, kí apá kejì já sí kòtò jíjìn. Ọ̀nà á wọ́ kọ́lọkọ̀lọ gba àárín wọn, láti orí tábìlì dé ìdí rẹ̀. Kó má fẹ̀ ju ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan lè gbà lọ. Ẹnì kan á ní ó ti há jù. Ó yẹ kó há!

Ẹgbẹ́ tí iwájú rẹ̀ bá dí kò lè rìn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà láti gun òkè á fi odidi ìyípo kan (ìgbà kan tí ọwọ́ eré kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan) tún ara rẹ̀ tò, ìrìn rẹ̀ á sì dín kù sí ìdajì. Ẹlẹ́ṣin kò gbọdọ̀ sáré gun òkè rárá. Josephus sọ ọ́ kedere: àwọn ẹlẹ́ṣin ni ìyà jẹ jù, torí òkè ga jù fún ẹṣin láti gùn, kòtò jíjìn sì wà ní apá kejì.

Ẹ pín àwọn Júù sí mẹ́ta. Àwọn kan ti sáré lọ dí ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀. Àwọn kan ń ti ẹ̀yìn bọ̀, wọ́n ń ti Róòmù sínú kòtò. Àwọn tó pọ̀ jù wà lókè pẹ̀lú kànnàkànnà, ọ̀kọ̀ àti ọfà. Ẹ má tò wọ́n sórí tábìlì títí ìdajì Róòmù yóò fi wọ ọ̀nà tóóró yẹn. Ẹ mú sùúrù! Ẹ fi Simon bar Giora, olórí ogun Júù kan, ṣe olórí ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ni ó ti kọlù wọ́n nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀ wá sí Jerúsálẹ́mù, tó sì kó ọ̀pọ̀ ìbaaka tó ru ẹrù wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní nìyí: ẹ má ya ẹranko tàbí ojú ènìyàn sára apata àwọn Júù. Òfin wọn kórìíra ère. Mo fẹ́ràn kí n ya èso pómégíránétì sí àsíá wọn, èyí tó wà lára owó fàdákà tí wọ́n rọ nígbà ogun náà. Ti Lẹ́gíọ́nì Kejìlá, mọ̀nàmọ́ná ni kí ẹ yà.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó borí? KÌ Í ṢE IYE ÒKÚ! Róòmù borí tí ìdajì ọmọ ogun rẹ̀ bá jáde ní ìdí tábìlì kí ìyípo 8 tó parí, torí nígbà náà ni ilẹ̀ ṣú. Àwọn ẹ̀rọ ìfọ́gíri tí wọ́n ń wọ́ káàkiri ń dí ọ̀nà. Róòmù lè pa wọ́n tì nígbàkúgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá sọnù jẹ́ àmì ayò kan fún àwọn Júù. Àsíá idì lẹ́gíọ́nì, àmì ayò márùn-ún, nítorí idì yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ti gidi. Josephus ka òkú ẹlẹ́sẹ̀ Róòmù sí 5,300.

Ẹni tó bá ń ṣe Róòmù tún ní ọgbọ́n kan tí Gallus dá lóru. Ó fi 400 ọmọ ogun sílẹ̀ lórí òrùlé kí wọ́n máa ké bí ẹ̀ṣọ́, kí àwọn Júù rò pé gbogbo ogun ṣì wà níbẹ̀, òun sì kó àwọn tó kù lọ. Ní ìyípo 8, ẹ lè fi ẹgbẹ́ kan tó ṣì pé rúbọ; ẹgbẹ́ méjì mìíràn á jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni lé wọn. Ẹgbẹ́ tó dúró yẹn ti kú, kò sí dáìsì tó lè gbà á.

Tábìlì yìí náà wúlò fún ogun tí Júdásì Makabéù, olórí ogun Júù, bá Seron, olórí ogun Síríà, jà lójú ọ̀nà yìí kan náà, ní ohun tó lé ní 200 ọdún ṣáájú Gallus. Níbẹ̀, ogun Síríà ló ń gòkè bọ̀, Júdásì ló ń sọ̀ kalẹ̀ lù wọ́n. Ẹ yí tábìlì padà, ẹ pààrọ̀ ère, kí ẹ sì dín àwọn ọmọ ogun Júdásì kù gidigidi, wọn ò pọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Fóòmù tí mo gé sílẹ̀ rèé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀.