Fèrè Mẹ́ta Nígbà Kan Náà: Bí A Ṣe Ń Gbádùn Àwo Jazz Àtijọ́ ti New Orleans

(Orin ń dún: "Dipper Mouth Blues", King Oliver's Creole Jazz Band, 1923)

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dín ohùn rẹ̀ kù. Ariwo ṣíí tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ orin yẹn kì í ṣe ẹ̀bi fóònù yín. Àwo náà ló ti dàgbà. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1923 ni wọ́n gba orin yìí sílẹ̀, ní ìlú Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ti dolóògbé tipẹ́. Síbẹ̀ orin wọn ṣì ń gbé èèyàn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò lónìí ni jazz àtijọ́ ti New Orleans, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Dixieland, pàápàá àwọn tí kò ní akọrin, tó jẹ́ pé ohun èlò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú fíìmù ayé àtijọ́, a sì kà á sí ariwo táwọn èèyàn fi ń sáré kiri. Mo fẹ́ kí ẹ fi èrò yẹn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Etí wa ti mọ́ orin tí ẹnì kan ń dá, tí àwọn yòókù ń gbè. Ní ọ̀pọ̀ ibi nínú àwọn àwo wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń gbè fún ẹnikẹ́ni. Fèrè mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ nígbà kan náà, wọn ò sì já lura wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú yàrá tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ yàrá yẹn ò ní mọ ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́.

Gennett lorúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe dùùrù (piano) tà ló ni ín. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni sítúdíò wọn wà, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, gbogbo iṣẹ́ á dúró títí yóò fi kọjá. Kò sí máíkì. Kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbà á sílẹ̀ rárá. Ìwo ńlá kan ló lanu sínú yàrá. Ohùn á wọ ẹnu ìwo náà, á gba ibi tóóró jáde ní ìdí rẹ̀, á mi abẹ́rẹ́ kan, abẹ́rẹ́ yẹn á sì máa gbẹ́ gbogbo ohun tó bá gbọ́ sára ìda tó ń yí. Bí ẹnì kan bá ṣi ohùn kan fọn, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́. Ìda míì ni wọ́n máa gbé síbẹ̀, kí gbogbo wọn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí olórin bá dúró sí ló ń pinnu bí ohùn rẹ̀ ṣe máa lọ sókè tó. Lil Hardin, obìnrin tó tẹ dùùrù nínú báńdì yìí, sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàárín wọn tí agbára kọ̀nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (fèrè kúkúrú tó jọ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì) ń bo ti ọ̀gá rẹ̀, Joe Oliver tí wọ́n ń pè ní King, mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó sún sẹ́yìn. Ó sún, ó tún sún, títí ó fi lọ dá dúró ní ìkángun yàrá, tí ojú rẹ̀ sì fà ro. Ọmọ ọdún 21 ni. Louis Armstrong ni. Ní ọjọ́ méjì tí wọ́n lò ní Richmond yẹn ni ayé kọ́kọ́ gbọ́ ọ tó dá fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì lórí àwo, nínú orin tó ń jẹ́ "Chimes Blues".

Onílù wọn, Baby Dodds, jìyà jù gbogbo wọn lọ lójú tèmi. Bí wọ́n bá lu ìlù ńlá, abẹ́rẹ́ á fò kúrò lójú ọ̀nà. Pákó kéékèèké ni wọ́n ní kó máa lù dípò rẹ̀. Torí náà, ẹ má sọ mọ́ pé àwọn àgbà wọ̀nyí ò mọ ìlù lù. Wọ́n mọ̀ ọ́n lù. Ẹ̀rọ ni kò lè gbé e.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká fò dá. Lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ Ku Klux Klan tó kórìíra aláwọ̀ dúdú lágbára púpọ̀ ní Indiana, Gennett yìí kan náà sì máa ń tẹ àwo fún wọn bí wọ́n bá ti mówó wá. Láti Chicago làwọn ọmọ Oliver ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, wọ́n dúró níwájú ìwo yẹn, wọ́n sì fọn ayọ̀ sínú rẹ̀. N kì í gbọ́ àwo yìí kí n má rántí rẹ̀.

Ó yá, báwo la ṣe ń fetí sí i?

Ẹ gbọ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta péré ni, nítorí ohun tí ojú kan àwo ìgbà yẹn lè gbà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, kọ̀nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Òun ló ń sọ kókó orin náà, ní gbangba, bí ẹni ń pe ènìyàn lórúkọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa kọ̀nẹ́ẹ̀tì tì, kẹ́ ẹ wá kílárínẹ́ẹ̀tì, fèrè onígi tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, rí. Òkè ló wà, ó ń sáré wọ àárín àwọn ohùn yòókù, ó ń jáde, ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bọ gbogbo àlàfo. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ bá tírọ́ńbóònù, fèrè gígùn tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn. Ohùn àgbà ni tirẹ̀. Ó ń fà, ó ń di ìsàlẹ̀ mú, ó sì ń fi ohùn fífà yẹn gbé àwọn méjì yòókù láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá tún un gbọ́ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún níbi ìnáwó kò ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀: ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ò dákẹ́ dè é, kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì yẹra, gbogbo ilé ló máa mọ̀.

(Orin ń dún láti ibi tí kílárínẹ́ẹ̀tì ti dá wọlé)

Johnny Dodds nìyẹn, ẹ̀gbọ́n Baby Dodds. Ẹ gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń dá ohùn dúró fún un, tí wọ́n ń kàn án bí òlù, tí òun sì ń rìn kọjá láàárín wọn. Ohùn rẹ̀ ní ìbànújẹ́ nínú, ó sì tún ní ìdùnnú. Mi ò tíì gbọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì tó jọ ọ́.

(Orin ń bá a lọ, kọ̀nẹ́ẹ̀tì wọlé)

Oliver fúnra rẹ̀ rèé. Ó fi nǹkan dí ẹnu kọ̀nẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ohùn rẹ̀ ń ṣe wáà-wáà bí ẹni ń rojọ́. Ẹ ó tún gbọ́ tí ọkùnrin kan fi ohùn ẹnu ké ní ìparí rẹ̀. Bill Johnson tó ń ta báńjò ni. Àfi ariwo ìwúrí kan ṣoṣo yẹn, kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú gbogbo orin náà.

Ibi kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi jù nínú irú àwọn àwo wọ̀nyí: ibi tí gbogbo báńdì á ti dákẹ́ lójijì, tí ẹnì kan á fi ohùn fò kọjá nínú àlàfo yẹn, kí gbogbo wọn tó tún já lulẹ̀ pọ̀. Nínú báńdì Oliver, òun àti Armstrong ni wọ́n jọ máa ń fò ó, kọ̀nẹ́ẹ̀tì méjì, ohùn méjì tó ṣe régí. Àwọn tó ń wò wọ́n ní Chicago ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àṣírí ibẹ̀ ni pé nígbà tí orin ṣì ń lọ, Oliver á ti fọn díẹ̀ nínú ohun tó ń bọ̀ sí Armstrong létí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yìí á sì ti wá ohùn kejì fún un.

Níbo lorin yìí ti wá? New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Níbẹ̀, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹrú máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Congo Square, wọ́n á lùlù, wọ́n á jó. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n, láti Senegambia, láti Kóńgò, láti etíkun wa náà: a rí orúkọ àwọn Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrú Louisiana. Èyí ò tó ohun tí a ó fi sọ pé àwa la dá jazz sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Títí dòní, báńdì onífèrè ṣì ń tẹ̀ lé òkú ní ìlú náà: orin ìsìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní àlọ, ijó ní àbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọn fèrè nínú àwo wọ̀nyí ló dàgbà sẹ́yìn irú báńdì bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ni àwo jazz àkọ́kọ́ bá lọ́wọ́. Original Dixieland Jass Band, ọmọ New Orleans làwọn náà, gba "Livery Stable Blues" sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo Victor ní New York ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1917. Kílárínẹ́ẹ̀tì ń kọ bí àkùkọ, kọ̀nẹ́ẹ̀tì ń yán bí ẹṣin. Àwo náà tà wàrà-wàrà. Orin wọn dára láti gbọ́. Ohun tí kò dára ni pé Nick LaRocca, olórí wọn, wá ń sọ nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀ pé àwọn ló dá jazz sílẹ̀, àti pé aláwọ̀ dúdú ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Ọdún 1922 ni báńdì Kid Ory, aláwọ̀ dúdú láti New Orleans, tó rí àyè gba tiwọn sílẹ̀ ní Los Angeles. Buddy Bolden, afọnkọ̀nẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn ń pè ní baba wọn, ò tilẹ̀ ní àwo kankan tí a mọ̀. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ló wà láti 1907 títí ó fi kú ní 1931. Ìtàn yìí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ olórin New Orleans ò fi fẹ́ orúkọ Dixieland yẹn mọ́.

Máíkì dé ní 1925, gbogbo nǹkan sì yí padà. Ẹ gbọ́ "Black Bottom Stomp" tí Jelly Roll Morton, atẹdùùrù láti New Orleans, àti báńdì rẹ̀, Red Hot Peppers, gbà sílẹ̀ ní Chicago ní oṣù kẹsàn-án 1926.

(Orin ń dún: "Black Bottom Stomp")

Ẹ gbọ́ gìtá ńlá onídùúró (double bass) tí John Lindsay ń ta nísàlẹ̀! Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ìwo yẹn ò bá má gbọ́ ọ dáadáa. Morton ti to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ yàrá: ibi tí dùùrù á ti dá ṣe, ibi tí báńjò á ti bọ́ síta, ibi tí ìlù á ti ki ẹsẹ̀ bọlẹ̀ ní ìparí. Síbẹ̀ ẹ ó rò pé ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rò ó. Bí àwo kan ṣoṣo lẹ bá máa gbọ́ lẹ́yìn fídíò yìí, òun ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Armstrong náà ti kúrò ní ìkángun yàrá. Ní oṣù karùn-ún 1927, pẹ̀lú báńdì Hot Seven tirẹ̀, ó fọn "Potato Head Blues". Nígbà tó kan òun láti dá fọn, báńdì kàn ń gbá ohùn kan ṣoṣo, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún gbá òmíràn. Gbogbo àlàfo tó kù, òun nìkan ló ni ín. Ní oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gba "Melancholy Blues" sílẹ̀, èyí tó wà lára àwo wúrà tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ òfuurufú Voyager méjèèjì ní 1977. Ó ti kọjá gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn wa po.

Kí ọdún 1940 tó dé, àṣà mìíràn ti gba ìgboro, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà yìí sì ti padà sídìí iṣẹ́ agbára. Àwọn olùfẹ́ àwo ló wá wọn lọ. Wọ́n rí Bunk Johnson ní New Iberia, kò ní eyín tí yóò fi fọn fèrè. Wọ́n ṣe eyín fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àwo sílẹ̀ ní 1942. Òṣìṣẹ́ èbúté ni George Lewis tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì. Ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní 1944, William Russell, ọ̀kan lára àwọn olùfẹ́ àwo yẹn, sì gbé ẹ̀rọ wá bá a nílé. Kílárínẹ́ẹ̀tì, báńjò àti gìtá ńlá onídùúró, àwọn mẹ́ta péré, ni wọ́n fi gba "Burgundy Street Blues". Ẹ gbọ́ ọ lálẹ́, kí ilé ti pa rọ́rọ́.

Armstrong dé Èkó náà ní oṣù kẹwàá 1960, nígbà tí òmìnira wa ṣì tutù. Àwọn onífèrè highlife wa, àwọn bíi Bobby Benson àti Victor Ọláìyá, ti mọ ohùn rẹ̀ tipẹ́. Ẹ fi ìpè Ọláìyá wé tirẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ní ti ibi tí ẹ ti lè rí wọn: lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, àwo tó jáde ní 1923 ti di ti gbogbo ayé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024. Ẹ lè gbà wọ́n sórí fóònù, ẹ lè pín wọn láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wò ó lórí ìkànnì Internet Archive, kẹ́ ẹ sì wo National Jukebox ti Library of Congress fún àwọn tó ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ báńdì pẹ̀lú ọdún nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá a, torí Oliver gba orin kan náà sílẹ̀ fún ju ilé iṣẹ́ kan lọ. Bí ẹ bá rí oríṣi méjì, ẹ yan èyí tí wọ́n fi ariwo ṣíí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà fọ ariwo náà tán sábà máa ń fọ kílárínẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì rí àwo gidi rà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ àwo tuntun gbé e o. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára rẹ̀ fẹ̀ ju abẹ́rẹ́ yẹn lọ, ó nílò abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó nípọn. Ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó máa ń fọ́ bí àwo tanganran.