Peugeot 504 àti Ìjàpá Volkswagen: Èwo Ló Lágbára Jù?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọkọ̀ àtijọ́ méjì la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó. Nínú wọn la ti mú 504, àti Beetle tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá.

Ká ti ibi agbára bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1,971 cc ti 504 ní họsipáwà tó lé ní 90, ó sì lè sá tó nǹkan bíi 160 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti Ìjàpá 1300 jẹ́ 1,285 cc, họsipáwà 44, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 125 lọ. Lóòótọ́ Ìjàpá fúyẹ́: kò tó 900 kìlógíráàmù, nígbà tí 504 tó nǹkan bíi 1,200. Ṣùgbọ́n ẹ kó àgbà mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn sínú méjèèjì, kẹ́ ẹ wá kọjú sí òkè Èkìtì. Ìjàpá á ti padà sí gíà kejì kí 504 tó mọ̀ pé òkè ni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: bí ara ẹ́ńjìnnì wọn ṣe ń tutù. Ìjàpá kò ní rẹ́díétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tá a ṣí sílẹ̀ yìí. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo yìí ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ara ọ̀pá ẹ̀rọ yẹn kan náà sì ni fáànù wà. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, á máa wakọ̀ ẹ̀ lọ títí ẹ́ńjìnnì á fi jó. Ẹ jọ̀ọ́, bí iná yẹn bá tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀! Sípánà, súkúrúdíráfà àti bẹ́líìtì tuntun, ẹ lè fúnra yín pààrọ̀ rẹ̀ létí títì.

Ní ti 504, omi ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Alumíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bó bá gbóná jù, ó lè tẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín orí yẹn àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì á sì jó. Síbẹ̀ ó rọ mẹkáníìkì lọ́rùn, torí sílíífù tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ ṣeé yọ, ó ṣeé fi tuntun rọ́pò, láìgbé búlọ́ọ̀kù lọ gbẹ́.

Lójú ọ̀nà tó bàjẹ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: 504 ni. Òun ló gba ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kenya lọ́dún 1975. Inú ẹrẹ̀ nìkan ni Ìjàpá ti lè bá a figagbága, nítorí ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ni táyà tó ń wa ọkọ̀ wà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra 504, ẹ ṣí rẹ́díétọ̀ nígbà tó tutù; bẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì lójú omi, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Ìjàpá, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Ibẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì rẹ̀ a sì máa jẹ irin abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń rí ilẹ̀ látinú ọkọ̀, ẹ yọ owó wẹ́dà kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.