Ẹ̀jẹ̀, oòrùn àti gíláàsì tín-ín-rín: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ lísè sọ ní Kétu

Ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, òun rèé, mo kàn yọ àwàdà kúrò ni.

Optofluidics ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á la ọ̀nà sínú gíláàsì tàbí rọ́bà, ọ̀nà tó tín-ín-rín bí irun orí, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, bóyá láti fi wo ohun tó wà nínú ẹ̀ ni o, bóyá láti fi mú un gbóná ni. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé chip, ìyẹn gíláàsì tàbí rọ́bà tí wọ́n la ọ̀nà sí yẹn, nìkan ni wọ́n ń fi hàn wá nínú fọ́tò, wọn kì í ya pọ́ǹpù, lésà àti kọ̀ǹpútà tó kún orí tábìlì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ níbi tí kúráǹ ń lọ tó ń bọ̀, ṣé ẹ rí i?

Ẹ jẹ́ ká mú ìnárun. Àwọn àgbà Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, eṣinṣin etí odò ló ń kó o ranni, tó bá pẹ́ lára á fọ́ni lójú. Lọ́dún 1974, ìlú wa tó ṣì ń jẹ́ Dahomey wà lára àwọn orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n kọ́kọ́ gbógun tì í, nígbà tó di 1987 ilé iṣẹ́ oògùn Merck ní àwọn á máa fún wọn ní ivermectin, oògùn tó ń pa ọmọ aràn tó ń fa ìnárun, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa. Àmọ́ ní Kamẹrúùn, aràn mìíràn wà níbẹ̀, Loa loa, èyí tó máa ń rìn kọjá lójú èèyàn gan-an, tí ọmọ ẹ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé ivermectin mì, ọpọlọ onítọ̀hún lè bàjẹ́, ó lè kú. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá oògùn yẹn dúró ní Okola, ní Kamẹrúùn níbẹ̀, lọ́dún 1999.

Daniel Fletcher àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà wá ṣe LoaScope, ẹ̀rọ tó ń ka ọmọ Loa loa inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gún ọ níka, ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ á fà wọ inú gíláàsì tín-ín-rín, kò sí pọ́ǹpù, wọ́n á tì í bọ àpótí kékeré tí pọtábù wà lórí ẹ̀, pọtábù á ya fídíò, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń mì, aràn ló ń jà níbẹ̀. Kò sí pé à ń fi àró sí i, kò sẹ́ni tó ń di ojú kan wo máíkírósíkóòpù, ìṣẹ́jú díẹ̀ iye wọn ti jáde. (Ọ̀sán ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ náà, torí ọ̀sán ni ọmọ aràn yìí ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀.) Lọ́dún 2015 wọ́n yẹ èèyàn 16,259 wò ní Okola, 340 péré ni wọn ò fún ní oògùn torí aràn yẹn pọ̀ lára wọn, nínú àwọn tó gbé e mì kò sẹ́ni tí ìjàǹbá ńlá bá. Lójú tèmi iṣẹ́ yẹn ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ, torí ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: ká fún un àbí ká má fún un?

Ti David Erickson ní yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà náà, wà ńbẹ̀. PCR, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kí wọ́n lè rí àrùn, ń fẹ́ kí omi ẹ̀ gbóná, kó tutù díẹ̀, kó tún gbóná, léraléra, ìyẹn ló ń jẹ kúráǹ. Àwọn wá fi gíláàsì kó oòrùn jọ sórí chip, ibì kan gbóná, ibì kan ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, omi ń rìn láàárín wọn, ó parí. Jẹjẹrẹ Kaposi ní Uganda ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ kan ní lóṣù kẹfà ńkọ́, tí òjò bo Àjàṣẹ́? Ìbéèrè gidi! Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, TINY, ń tọ́jú ooru pa mọ́, ó lè gbà á látinú oòrùn, iná tàbí kúráǹ.

Màmá nọ́ọ̀sì kan wá bèèrè pé tí gíláàsì tín-ín-rín yẹn bá tán ńkọ́, ta ló ń tà á? Mo ní màmá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, pọtábù, ẹ lè tún un ṣe lẹ́bàá ọjà, gíláàsì yẹn ni ò sí lọ́jà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní fíìsìkì ní IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti fíìsìkì ní Dangbo, òun ni mà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n fi chip tuntun sílẹ̀ ná.