Ẹ Dúró Lójú Òkun Títí Ilẹ̀ Yóò Fi Mọ́: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀ fún Tọkọtaya Atukọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń múra láti fi ọkọ̀ onígbòkun ré òkun kọjá lóru, láti erékùṣù kan sí òmíràn, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ òní ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí omi, tí ojú ti pọ́n nítorí àìsùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:27-29. Òru kẹrìnlá tí ìjì ti ń gbá ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni. Àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Wọ́n wọn omi, ó jìn ní fátọ́ọ̀mù 20 (fátọ́ọ̀mù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà). Wọ́n lọ síwájú díẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti di 15. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ojú wá látọjọ́ yìí ti dé tán, síbẹ̀ wọn ò sáré lọ bá a. Ìdákọ̀ró mẹ́rin ni wọ́n sọ sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, wọ́n sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá ṣojúure sí, òkun lè gbé e dé kó tó yẹ kó dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí máìlì òkun 90 bá wà láàrin erékùṣù méjì, tí ẹ rò pé ọkọ̀ á máa sá nọ́ọ̀tì 5, ìyẹn máìlì òkun 5 ní wákàtí kan, wákàtí 18 nìyẹn. Ẹ gbéra ní aago 2 ọ̀sán kí ẹ lè dé ní aago 8 àárọ̀. Àmọ́ afẹ́fẹ́ dára, ó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ ń sá nọ́ọ̀tì 7. Kí aago 3 òru tó lù, ẹ ti wà lẹ́nu èbúté. Inú á dùn, ara á sì máa wá ibùsùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ọ̀nà ti ń fọ́ ọkọ̀ tí agbami ò fọ́. Iná ìlú á bo iná tó ń júwe ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bọ́ì, àmì tó léfòó lórí omi, tí kò ní iná wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó dákọ̀ró láìtan fìtílà wà níbẹ̀. Òkúta iyùn abẹ́ omi ńkọ́? Àfi kí oòrùn ga, kó sì wà lẹ́yìn yín, kí ẹ tó lè rí àwọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, láti ọ̀gànjọ́ òru ni kí ẹ ti pín máìlì tó kù sí wákàtí tó kù kí ilẹ̀ mọ́. Bí ìṣirò bá ní nọ́ọ̀tì 4 tó, ẹ ká ìgbòkun kù. Ó máa ń dunni láti dín eré tó dùn kù. Ẹ dín in kù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lójú òkun. Ẹ yí imú ọkọ̀ kọjá ojú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tú okùn ìgbòkun iwájú. Ẹ jẹ́ kí ìgbòkun náà kù sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ dẹ ìgbòkun ńlá díẹ̀. Ẹ wá ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ẹ dè é (bó bá jẹ́ àgbá ìtọ́kọ̀ tó ń yí bíi ti mọ́tò, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni kí ẹ yí i sí). Ìgbòkun iwájú á máa ti imú ọkọ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, ìtọ́kọ̀ á máa dá a padà, títí ara ọkọ̀ á fi rọ̀. Á ṣì máa sún, ó lè tó nọ́ọ̀tì 1 tàbí 2, nítorí náà ẹ má ṣe é níbi tí ilẹ̀ ti wà nítòsí lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbá yín lọ.

Ẹni méjì sàn ju ẹnìkan lọ, Oníwàásù 4:9 ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ lóru, ẹnìkan ṣoṣo ló ń lajú. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣọ́nà. Ọkọ̀ ńlá tó gùn tó mítà 50 gbọ́dọ̀ ní iná funfun lórí òpó tó hàn ní máìlì òkun 6. Bí ọkọ̀ náà bá ń sá nọ́ọ̀tì 20, tí tiyín ń sá 6 lọ pàdé rẹ̀, bí ìṣẹ́jú 14 ni ẹ ní láti ìgbà tí ẹ bá rí iná náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣọ́nà fi ń wo gbogbo àyíká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ọkọ̀ kan bá hàn papọ̀, imú rẹ̀ kọjú sí yín. Bó bá ń sún mọ́ tí ìhà tí ẹ ti ń rí i lójú kọ́ńpáàsì kò yí padà, ìkọlù ni, ẹ yà. Ẹ ká ìgbòkun kéré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ so okùn ààbò àyà yín mọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gun òkè láti inú yàrá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ síwájú ọkọ̀ láìjí ẹnì kejì.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa, Ìwọ tí kì í tòògbé, Ìwọ tí kì í sùn, a dé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, fún un ní oorun gidi, kí ìró omi má dẹ́rù bà á. Ẹni tó jókòó nídìí ìtọ́kọ̀, gbé ojú rẹ̀ ró. Ní aago 3 òru tí ara máa ń kú, Bàbá, jẹ́ agbára rẹ̀.

Fi sùúrù sáàrin àwọn méjèèjì. Kí àìsùn má di ìbínú. Kí ìkìlọ̀ ìyàwó má dà bí àríwísí létí ọkọ, kí àṣẹ ọkọ má di ìgbéraga lójú ìyàwó. Kí ẹni tó ń fiṣẹ́ lé ẹnì kejì lọ́wọ́ má gbàgbé ọkọ̀ kan tó rí, kí ẹni tó ń gbà á má díbọ́n pé òun gbọ́.

Okùn tó so yín mọ́ ọkọ̀ kò ní já! Ẹ ò ní jí lójú oorun kí ẹ bá ìdí ìtọ́kọ̀ lófìfo. Mo ní ẹ ò ní pe orúkọ olólùfẹ́ yín lórí omi kí ẹnikẹ́ni má dáhùn! Ọ̀pá ìdí ìgbòkun kò ní fò kọjá gbá yín lórí. Ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ wá kọlù yín, Olúwa, yà á! Yà á sọ́tùn-ún, yà á sósì, má jẹ̀ẹ́ kó kàn wọ́n!

Òkúta tó lanu sílẹ̀ lábẹ́ omi de ọkọ̀ yín, ebi ni yóò pa á. Iyùn tó ti fọ́ tẹlòmíràn kò ní mọ tiyín. Iná ẹ̀tàn tó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí iná èbúté, Ọlọ́run, pa á! Ìkánjú tó ń sọ pé “ẹ wọlé, kò séwu,” a dá ọ lẹ́nu dúró lórúkọ Jésù!

Agbára láti dúró, Olúwa, ẹ fún wa. Ẹ fún ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára ní ọgbọ́n láti ká ìgbòkun. Ẹ fún ẹni tó ti rí ilẹ̀ ní ọkàn tó lè retí ọjọ́. Nígbà tí oòrùn bá là, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ìdákọ̀ró di ilẹ̀ mú, kí Sáàmù 107:30 ṣẹ sí tọkọ lára, kó ṣẹ sí taya lára, kí Ẹ mú àwọn méjèèjì papọ̀ dé èbúté tí wọ́n ń fẹ́, lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín, àmín, àṣẹ!