Ó hàn lójú terminal, àmọ́ variable ò rí i gbà

Ẹ ṣí terminal yín, ojú ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún Bash (ètò tó ń gba àṣẹ, tó sì ń mú un ṣẹ), kí ẹ tẹ èyí:

ojo=$(date +%F)
echo "Òní ni $ojo"

Déètì òní jáde. Ohun tí date ì bá kọ sójú kọ̀ǹpútà, àmì dọ́là àti àkámọ́ ló gbà á, tó kó o sínú variable (orúkọ tí a fi ń pa nǹkan mọ́) tó ń jẹ́ ojo. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún tàbí lósì àmì = o. Tí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ lósì rẹ̀, Bash á rò pé ojo lorúkọ àṣẹ tí ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́, á sì dá yín lóhùn pé "command not found".

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú rèé:

esi=$(ls /ile-ti-ko-si)

Ẹ wò ó, "No such file or directory" hàn gbangba lójú terminal. Ẹ wá tẹ echo "$esi". Òfìfo! Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde látinú àṣẹ: stdout, ọ̀nà kìíní, fún èsì, stderr, ọ̀nà kejì, fún àṣìṣe àti ìkìlọ̀. Ojú terminal kan náà ni méjèèjì já sí, a ò sì lè fojú lásán mọ èwo ni èwo. Ọ̀nà kìíní nìkan ni $( ) ń ṣọ́.

Ẹ fi 2>&1 kún un:

esi=$(ls /ile-ti-ko-si 2>&1)

Èyí ní kí ọ̀nà kejì máa lọ síbi tí ọ̀nà kìíní ń lọ lásìkò yẹn gan-an. Láti òsì sí ọ̀tún ni Bash ń ka àwọn àmì yìí, nítorí náà ipò wọn ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ àṣìṣe nìkan lẹ fẹ́, ẹ da èsì sí /dev/null, ibi tí ohunkóhun tó bá wọ̀ ọ́ ti ń ṣègbé:

asise=$(ls /ile-ti-ko-si 2>&1 >/dev/null)

Tí ẹ bá kọ ọ́ ní >/dev/null 2>&1, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣègbé.

Nínú function (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ), wàhálà yìí tún máa ń yíjú padà:

wa_faili() {
  echo "Mò ń wá fáìlì..."
  ls -t /var/log | head -n 1
}
tuntun=$(wa_faili)

"Mò ń wá fáìlì..." náà ti bá orúkọ fáìlì wọnú tuntun. Script (fáìlì tí ẹ kọ àwọn àṣẹ yín sí) á wá máa wá fáìlì tí kò sí níbì kankan. Ẹ kọ >&2 sí ìparí ìlà echo yẹn, ó parí. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ́ pé èèyàn ló máa kà á, ọ̀nà kejì ni kó gbà.

Ẹ fẹ́ rí i, kẹ́ ẹ sì tún fi pamọ́? tee ló ń ṣe é:

set -o pipefail
esi=$(ping -c 3 localhost | tee /dev/stderr)

$? ni nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àṣẹ yọrí tàbí ó kùnà; òdo ni pé ó yọrí. Láìsí pipefail, ti tee ni $? máa sọ. Kódà bí ping bá kùnà, òdo lẹ máa rí. Irú ẹ̀tàn yìí náà ló wà nínú local esi=$(...) (local ló ń fi variable mọ sínú function), torí local fúnra rẹ̀ ló ń jábọ̀ pé òun ṣe é. Ẹ kọ local esi sórí ìlà tiẹ̀, kí ẹ tó fi nǹkan sínú rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ esi jáde, ẹ fi àmì quote yí i ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlà á rọ́ pọ̀ di ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn printf ju echo lọ níbí:

printf '%s\n' "$esi"

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé -n ló wà nínú esi, echo ò ní tẹ nǹkan kan. Printf á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.