Ẹ̀bẹ̀ ni ẹ kọ, ẹ kò tíì gba àyè: bí Elasticsearch kò bá lè ti mẹ́mórì

Ẹ káàbọ̀ o, láti Òṣogbo níbí. Mo ń gbé Elasticsearch, sọ́fítíwià tí a fi ń wá nǹkan nínú dátà, dìde lórí sáfà Linux mi. Ẹ wo ìlà yìí lójú kọ̀ǹpútà mi, tó ń sọ pé a ní kó ti mẹ́mórì, ṣùgbọ́n kò tì í: memory locking requested for elasticsearch process but memory is not locked. Sáfà kò tíì jí tán tó fi tún kú.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ ìyá aládìrẹ kan ní Ọjà-Ọba. Aṣọ orí àtẹ, wéré lọwọ́ rẹ̀ ń tó o. Bí àtẹ bá kún, á kó díẹ̀ lọ sí sítóò. Ẹni tó bá wá béèrè èyí tó ti wọ sítóò, ó di dandan kó dúró. RAM, mẹ́mórì tó yára, ni àtẹ yẹn. Swap tó wà lórí díìsìkì ni sítóò. Bí mẹ́mórì Elasticsearch bá ti wọ swap, ìdọ̀tí inú mẹ́mórì tí Java, èdè tí a fi kọ Elasticsearch, máa ń gbá kúrò láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan lè wá gba odindi ìṣẹ́jú mélòó kan. Ta ló fẹ́ dúró bẹ́ẹ̀?

Ìdí tí a fi ń kọ bootstrap.memory_lock: true sínú elasticsearch.yml nìyẹn: kó ti mẹ́mórì mọ́ RAM, kó má bàa wọ swap. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni ìlà yẹn. Linux ló ni àyè, òun ló ń yọ̀ǹda.

Ibi tó gba òru kan lọ́wọ́ mi rèé. Mo kọ memlock unlimited sínú /etc/security/limits.conf. Mo tẹ ulimit -l, tó ń sọ iye mẹ́mórì tí a lè tì, ó ní unlimited. Mo tún sáfà gbé dìde, àṣìṣe kan náà! Èmi tí mo wọlé sórí ẹ̀rọ ni ulimit ń dá lóhùn. Systemd, ètò tí Linux fi ń bójú tó àwọn iṣẹ́ rẹ̀, ló ń gbé sáfà dìde, systemd kì í sì í wo fáìlì yẹn rárá.

Nítorí náà: sudo systemctl edit elasticsearch. Lábẹ́ àkọlé [Service], ẹ kọ LimitMEMLOCK=infinity. Ẹ ṣe daemon-reload, kí ẹ tún un gbé dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún heap, mẹ́mórì tí a yà sọ́tọ̀ fún Java, ju ìdajì RAM lọ. Bí RAM bá jẹ́ 8GB, 4GB tó. Linux náà ń fẹ́ ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ Elasticsearch bóyá mẹ́mórì ti tì: GET _nodes?filter_path=**.mlockall. Bó bá ṣì ń sọ false, ẹ wo /tmp: bóyá noexec, tí kì í jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ láti inú fódà, wà lára rẹ̀. Ẹ fi -Djna.tmpdir nínú ES_JAVA_OPTS darí fáìlì ìgbà díẹ̀ rẹ̀ sí fódà mìíràn, ẹ tún sáfà gbé dìde, kí ẹ tún béèrè.

Tèmi ti dáhùn: true.